Sààrà Ìkọ̀kọ̀ Kúlúsúmù

Nígbà tí ìbọn ńlá àwọn òyìnbó lé wọn kúrò ní Èkó, Kúlúsúmù kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ bá àwọn èèyàn wọn wọ ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́, ẹrù ọwọ́ wọn kò kún agbọ̀n kan. Ìyá náà kò lo ọdún kan níbẹ̀ tó fi kú. Ohun tó fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò ju igbá fínfín kan àti ọmọrí rẹ̀, tí wọ́n fín ẹja mẹ́ta sí lára. Gbogbo obìnrin etí omi ló mọ igbá yìí. Bí wọ́n bá ti rí i nílé ìkómọ, wọ́n á ní Kúlúsúmù ti dé.

Ó ń yan ẹja tà, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Bísíríyù atukọ̀ ló fẹ́ ẹ, ọkùnrin gíga kan tó máa ń gbé ẹrù àwọn oníṣòwò lọ sí ọjà Ìkòròdú. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti jọ wà láìbímọ, kò sì bá a jà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ọkùnrin yẹn kì í béèrè ọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá ń dùn ún, á gbé e mì, á jókòó, á máa wo ọ̀sà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Mọ́ṣúdù. Mọ́ṣúdù ní ọkọ̀ tirẹ̀, ó tún mọ kéú, òun ló sì ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò lẹ́yìn ìrun alásárì. Ní ọdún kẹjọ tí wọ́n ti dé Ẹ̀pẹ́, àwọn àgbà fi Bísíríyù ṣe olórí gbogbo ọkọ̀ tó ń ná ọjà Ìkòròdú. Mọ́ṣúdù ló dàgbà jù ú lọ, òun ló sì ti ń retí ipò náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á fún un ṣe. Irọ́ ni.

Ààwẹ̀ dé. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà létí omi nígbà náà tó ń jẹ́ Síkírù, ọmọ ìdílé Lasunwon ní Ìkòròdú, tí Bísíríyù fúnra rẹ̀ mú wá láti máa tún ọkọ̀ ṣe. Àáké gé e lẹ́sẹ̀, kò lè rìn, ó sùn sínú àtíbàbà rẹ̀. Ibẹ̀ ni Mọ́ṣúdù ti rí ọ̀nà. Nígbà tí àwọn yòókù ti tú ká nídìí kéú, ó dá Kúlúsúmù dúró.

"Àlejò kan ń gbààwẹ̀ létí omi," ló wí. "Omi lásán ló fi ń ṣínu. Ta ni yóò gba láádá rẹ̀?"

"Mo lè máa gbé oúnjẹ fún un, Ààfáà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún baálé mi."

"Rárá o. Sààrà téèyàn bá ti fẹnu kàn, láádá rẹ̀ ti dín. Èyí tó pa mọ́ ni Ọlọ́run fẹ́ràn jù. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ rẹ pàápàá, títí Ìtúnu yóò fi dé. Ọmọ tí ẹ ń wá yẹn, ṣé o mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni yóò gbà wá?"

Ẹ ò rí ọkùnrin burúkú! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló fi ń dẹ pańpẹ́ fún obìnrin tí ojú ọmọ ń pọ́n. Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ tí kò ní ṣe é?

Kúlúsúmù ṣe é. Ohun tó dára jù nílé rẹ̀ ló fi ṣe é, igbá ìyá rẹ̀. Lójoojúmọ́, kí wọ́n tó pe ìrun mangaríbì, á gbé oúnjẹ náà sẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà, á wúkọ́, á sì yà padà. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á lọ bá igbá òfìfo níbi tó gbé e sí. Kò wọlé rí, kò sì rí ojú ọkùnrin náà.

Mọ́ṣúdù wá kọjú sí Bísíríyù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kàn bi í bóyá ara ìyàwó rẹ̀ le, nítorí ó ń rí i tó ń jáde nírọ̀lẹ́. "Jáde lọ síbo?" ni Bísíríyù bi í. Mọ́ṣúdù ní kó má da òun lóhùn, pé ẹnu òun kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ méjì ló fi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà máa jẹ ẹ́ nínú. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n jọ lọ wo ọkọ̀ tó wà lọ́dọ̀ Síkírù. Wọ́n dé àtíbàbà, igbá ẹlẹ́ja mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọkùnrin náà.

Bísíríyù jáde síta. Ó ní òun yóò bi ìyàwó òun.

"Kí ni yóò sọ fún ọ ju irọ́ lọ?" ni Mọ́ṣúdù wí. "Igbá nìkan ni kó o bi í, kó o sì wo ojú rẹ̀."

Ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Ó dé ilé, ó ní, "Igbá ìyá rẹ dà?"

Kúlúsúmù tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó rò pé inú ọkọ òun yóò dùn bó bá gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi mí. Bó bá di ọjọ́ Ìtúnu, màá sọ gbogbo rẹ̀ fún yín."

Ìtúnu ku ọjọ́ mẹ́fà. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́rin jẹ oúnjẹ obìnrin yìí kò lè fún un ní ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, ó dìde lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Mo kọ Kúlúsúmù. Mo kọ Kúlúsúmù. Mo kọ Kúlúsúmù."

Ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣì lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ti parí ẹ̀. Obìnrin náà kò lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, àfi bó bá kọ́kọ́ fẹ́ ọkùnrin mìíràn tí ìyẹn náà sì kọ̀ ọ́. Bísíríyù mọ èyí kó tó lanu.

Rọ̀kíbátù, aládùúgbò Kúlúsúmù, ló sáré wá sọ fún un nídìí ẹja. Kúlúsúmù fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó mú ọwọ́ eléèédú lọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí, ó sì ro gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Síkírù. Èèyàn méjì ló fà á wá.

"Ààfáà Mọ́ṣúdù ló sọ fún mi pé àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ló ń gbé oúnjẹ wá," ni Síkírù wí. "Òun náà ló ní kí n má gbé igbá síta lọ́jọ́ tí òun àti olórí ọkọ̀ wá. Mi ò rí obìnrin yìí rí, àfi òní."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Mọ́ṣúdù. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní láádá lòun wá fún obìnrin náà, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kọ ìyàwó rẹ̀. Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní kádàrá ni. Kádàrá kọ́, Mọ́ṣúdù ni! Ìtìjú mú Bísíríyù, ó yọwọ́ nínú ipò olórí ọkọ̀. Ta ni wọ́n gbé e fún? Mọ́ṣúdù kan náà.

Nílé Rọ̀kíbátù ni Kúlúsúmù ti ka oṣù opó ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ kó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn, ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ Síkírù san, ó sì ti padà sí Ìkòròdú. Ní ọ̀sẹ̀ tí iye oṣù náà pé, ó rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá pé oúnjẹ tí òun jẹ ló sọ Kúlúsúmù di ẹni ẹ̀tẹ́. Bó bá lè gba òun, òun fẹ́ fi í ṣe aya. Kúlúsúmù ní kó jẹ́ kí òun rò ó.

Ní ọjọ́ kejì, Bísíríyù mú àgbà méjì wá. Wọ́n ní àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ: arúgbó kan tó ń jẹ́ Sàlímọ́nù yóò fẹ́ ẹ, Kúlúsúmù yóò sùn nílé rẹ̀ fún ọjọ́ méje, bàbá náà yóò kọ̀ ọ́, á sì di ìyàwó Bísíríyù padà. Bí ẹni ń ka ẹja sínú agbọ̀n ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Mọ́ṣúdù.

Kúlúsúmù tún ìró rẹ̀ ró.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ ní kí n fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Mo gbọ́. Síkírù ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nílùú yìí. Kò sì ní kọ̀ mí lọ́jọ́ keje."

Bísíríyù gbójú sókè. Láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kò tíì wo ojú rẹ̀ rí.

"Ṣé òun lo ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

Àwọn àgbà méjèèjì wolẹ̀. Kúlúsúmù wo ọkùnrin tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.

"Lónìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀," ló wí, "ìbéèrè Mọ́ṣúdù náà lẹ sì bi mí."

Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.