Apá Gáùnù Tó Gba Ilé Ìwòsàn Sílẹ̀

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ aránṣọ kan ládùúgbò wa ní Ìyá Ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá ló máa ń ròyìn bíi pé òwúrọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ọmọ mẹ́ta, ìyá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, aṣọ oníbàárà tó kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà: níbo ló ti fẹ́ ráyè? Ìwé ìròyìn àtijọ́ tó ń rà láti fi gé ìwọ̀n aṣọ nìkan ló ń rí kà. Àmọ́ òfin rẹ̀ ni pé àlùmọ́gàjí kò gbọdọ̀ kan bébà kankan kí ojú òun tó kàn án.

Ọjọ́ tó ń gé gáùnù ìyá rẹ̀ ló rú òfin yẹn. Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó kàn tẹ́ bébà sílẹ̀, ó gé e wàràwàrà. Ìgbà tó fi abẹ́rẹ́ há bébà iwájú gáùnù mọ́ aṣọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìkéde kan níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn pa. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó mú lẹ́tà wá kó tó di... Ibẹ̀ gan-an ni àlùmọ́gàjí gbà kọjá.

"Yéè! Mo gbé!"

Ilé ìwòsàn yẹn nìkan ni ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣì lè gbé e dé láti gba oògùn. Bí wọ́n bá tì í, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó tú abẹ́ máṣíìnì, ó tú apẹ̀rẹ̀ àkísà, àṣé apá ọ̀tún gáùnù ló gbé ọjọ́ náà lọ. Òní ni! Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́! Aago mẹ́ta sì ti lù.

Oníbàárà kan tó jókòó de aṣọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìròyìn, ìròyìn ọdún wo tún nìyẹn?"

"Ti òní ni, àǹtí mi! Ẹ bá mi wo ṣọ́ọ̀bù!"

Ìlà mẹ́rin péré ló kọ sí lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó di bébà rẹ̀ mọ́ra, eré ló bá dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Akọ̀wé ibẹ̀ kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mádàámù, ó ti kọjá. Àná ló parí."

"Ṣé àná lẹ wí, ọ̀gá?" Ó tẹ́ iwájú gáùnù sórí tábìlì, ó fi abẹ́rẹ́ so apá mọ́ èjìká bó ṣe yẹ kí aránṣọ so ó, ó sì kà á sókè ketekete létí gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

Akọ̀wé wo gáùnù bébà, ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Ta ló tiẹ̀ ń ka irú nǹkan báyìí?" ló ń kùn.

"Èmi ni."

Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà náà, gbà!

Lẹ́tà tiẹ̀ nìkan ni wọ́n rí gbà. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ pe ará àdúgbò kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Lọ́jọ́ ìpàdé, àdúgbò tú jáde, arúgbó àti aboyún, oníbàárà ẹlẹ́rìn-ín ọjọ́sí ló sì pariwo jù. Ìjọba gbà, wọn ò tì í mọ́.

Gáùnù náà ni ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ gba oògùn. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, aṣọ yìí mà bá yín mu o!"

Màmá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i. "Apá yìí ni kó o wò dáadáa, ọmọ mi. Òun ni ò jẹ́ kí wọ́n lé yín lọ."