Bàbá Inú Kásìkì Tí Kò Dá Mi Lóhùn

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n tẹ́ òkúta pàfé sí òpópónà wa ní Tokpota, ní Àjàṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ará àdúgbò á rántí, ìgbà tí ẹrẹ̀ tán lẹ́sẹ̀ wa. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú ilé ara mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ Àìná! Èmi kò mọ̀wé. Àìná ọmọ-ọmọ mi ló ń kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Rẹ̀nẹ́, ẹ̀gbọ́n Àìná, ló ni yàrá eré tó wà níwájú ilé wa. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ọkọ mi ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó kú, mo ní kí Rẹ̀nẹ́ máa lò ó. Ó gbé tẹlifísọ̀n méjì síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ eré fídíò méjì, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ.

Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá borí á jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà á gbé mànẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ fún ẹlòmíràn, á wá jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà tí mo ti máa ń pa ẹ̀pà, á máa bá mi pa á títí ìgbà tirẹ̀ á fi tún kàn. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin yẹn o! Bẹ́nwà tó ń ṣiṣẹ́ mọlémọlé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n nà án, ojú tì í, ó ní kò sí ohun tó kù fún òun mọ́ àfi ẹ̀pà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kó lọ fọ ọwọ́, ẹ̀pà ń pè é.

Ṣé ẹ mọ ohun tí èèyàn máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á sọ, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lóyún á sọ. Ibẹ̀ ni ìròyìn Àjàṣẹ́ ti ń dé etí mi.

Ìgbà tó yá, Rẹ̀nẹ́ gbé kásìkì kan dé láti Kútọnu. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó ń fi alùpùpù gbérò ń dé. Èyí bo ojú pátápátá. Bí o bá dé e, o ò ní rí yàrá mọ́, inú eré gan-an lo wà. Bí o bá yíjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn eré lo máa rí.

Ni àríyànjiyàn bá wọlé. Bẹ́nwà ní òun kò fẹ́ ẹ. Ó ní àwọn tó ń ṣe eré wọ̀nyí kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi, a ò tíì mọ èyí tán, wọ́n á ti gbé òmíràn dé. Ó ní orí ń yí òun nínú rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, àti pé adùn bọ́ọ̀lù ni kí o rí ojú ẹni tí o nà. Àwọn mìíràn ní Bẹ́nwà ti darúgbó, kó máa lọ ta ayò. Wọ́n ní lọ́la gbogbo eré á di ti kásìkì, ẹni tí kò bá tètè bọ́ sí i á kù sẹ́yìn.

Rẹ̀nẹ́ gba ti àwọn yẹn. Ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó ní òun ti rí ẹni tó máa ra ẹ̀rọ méjèèjì ní Sèmè-Kpodji, òun á fi ra kásìkì sí i. Ó ní àwọn àga náà á kúrò, nítorí ẹni tó bá dé kásìkì nílò àyè láti rìn. Yàrá mi ni, kò lè ṣe é láìgba àṣẹ lẹ́nu mi.

Kí ni kí n wí? Bí mo bá ní rárá, mo dí ọ̀nà oúnjẹ ọmọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ni yóò tún jókòó tì mí? Mo mọ̀ pé ti ara mi ni mo ń rò, ìyẹn gan-an ló ń dá mi dúró. Mo ní kó jẹ́ kí n dé e wò ná.

Wọ́n dé e fún mi lórí gèlè. Ẹ̀yin èèyàn! Mo bá ara mi nínú àgbàlá kan, oòrùn ń ràn, bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Mo mọ̀ pé eré ni. Orúnkún mi ni kò mọ̀. Ṣé ẹ lè wọ àgbàlá ẹni tó jù yín lọ kí ẹ dúró ṣánṣán? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ilé o, bàbá. Ó wò mí. Mo tún kí i. Ó ṣẹ́jú. Mo béèrè àwọn ará ilé, mo béèrè iṣẹ́. Kò fọhùn.

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ọmọdé kì í dìde lórí ìkúnlẹ̀ kí àgbà tó ní kó dìde. Mo wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ, ẹ̀rín náà sì ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún ń ro mí.

Ni mo bá gbọ́ ohùn Bẹ́nwà nínú yàrá, ó rọra sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Àlàáfíà ni ará ilé wà. Ẹ dìde."

Mo dìde, mo ṣí i kúrò lójú.

Rẹ̀nẹ́ ní kí n má bínú, wọ́n ń tún un ṣe, láìpẹ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa dáhùn. Bẹ́nwà ní ṣé òun kò ti sọ? Mo ti fẹ́ la ẹnu pé kí Rẹ̀nẹ́ má ta nǹkan kan, nígbà tí Rìsìkátù sọ̀rọ̀. Rìsìkátù ń dirun ní òdìkejì títì. Ó pẹ́ tí kò ti wọ yàrá náà mọ́, àfi ìgbà tí kásìkì dé.

"Ìyá àgbà, bọ́ọ̀lù tí Bẹ́nwà ń yìn yẹn, mo gbá a níbí rí," ó ní. "Mo nà wọ́n, wọ́n ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Wọ́n nà mí, wọ́n ní kí n lọ wá ọkọ. Nínú kásìkì, àwọn ará ọ̀nà jíjìn ni mò ń bá gbá a, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé obìnrin ni mí."

Bẹ́nwà ń wo ilẹ̀. Èmi tí gbogbo ìròyìn ń dé etí mi, èyí kò dé ọ̀dọ̀ mi rí.

Mo ní kí Rẹ̀nẹ́ ta ẹ̀rọ kan, kó fi ra kásìkì kejì, kí èèyàn méjì lè pàdé nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kejì kò ní kúrò, àga kò ní kúrò. Ẹni tó bá sì fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Kò dùn mọ́ Rẹ̀nẹ́. Ẹni tó fẹ́ rà ní méjèèjì pọ̀ lòun fẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fún ìgbà díẹ̀, ìkíni nìkan ni Rẹ̀nẹ́ ń fún mi. Àwọn tó fẹ́ kásìkì nìkan lọ sí yàrá mìíràn, wọn kò padà. Kí Rẹ̀nẹ́ tó rí ẹlòmíràn tó ra ẹ̀rọ kan yẹn, ojú rẹ̀ rí màbo. Báyìí, Rìsìkátù àti Bẹ́nwà jọ ń wọ inú kásìkì. Rìsìkátù ló ń nà án jù. Bó bá sì nà án tán, ó máa ń dúró kí Bẹ́nwà ṣí i kúrò, kí òun lè wo ojú ẹni tí òun nà dáadáa, kó tó rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé nǹkan tuntun kì í ṣe ọ̀tá, nǹkan àtijọ́ náà kì í sì í ṣe áńgẹ́lì. Ẹ̀yin tó ń ṣe eré yìí ńkọ́? Mànẹ́ẹ̀tì ni tiyín àbí kásìkì? Ta ló ń jókòó tì yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Àìná á kà á fún mi.

Kí n má gbàgbé: nígbà tí àwọn ọmọ mi, bàbá Rẹ̀nẹ́ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, gbọ́, wọ́n pè mí láti Kútọnu, wọ́n ní kí ló dé tí mo dí ọmọ lọ́wọ́, ṣé n kò mọ̀ pé ayé ti yí ni? Mo jẹ́ kí wọ́n sọ tán. Mo ní, "Ayé yí lójú mi kó tó yí lójú yín. N kò ní kí ọmọ má lọ síbi tó fẹ́ lọ. Mo ní kí ẹnìkan ṣẹ́ kù sínú yàrá, tó máa gbọ́ bí ẹni tó lọ bá ń kí èèyàn, kó sì dá a lóhùn."