Ọwọ́ Mi Ló Kú Sí

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni mo ṣe n'Íbàdàn, láwọn ọdún tí wọ́n ń kọ́ ilé gogoro Dùgbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni n ó ti wà lóòró, tí n ó máa sọ Yorùbá di òyìnbó, òyìnbó di Yorùbá, títí ọ̀rọ̀ yóò fi máa gba ẹnu mi kọjá láìdé ọkàn mi. Ẹsẹ̀ mi a wú, gbogbo ayé a sì máa bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú káfíńtà kan wá, ará Èkìtì tó ń kan òrùlé ní Bódìjà. Wọ́n ní ó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan l'Ágbowó. Kò sẹ́ni tó fojú rí i. Ohun tí ọlọ́pàá rí kò ju pé àwọn méjèèjì jà ní ọjọ́ tó ṣáájú, òòlù káfíńtà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ẹ̀jẹ̀ sì wà láṣọ rẹ̀. Bó bá jẹ̀bi, okùn ni. Àwa òṣìṣẹ́ kóòtù ti dájọ́ tiwa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Èmi gan-an ni mo pa òwe náà, mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà tí wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀, ó ní òun ti ibi iṣẹ́ dé ni òun bá ọ̀rẹ́ òun nínú ẹ̀jẹ̀, òun sì gbé e lé itan. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló kú sí."

Mo sọ ọ́ lédè òyìnbó bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ló fi pa á. Adájọ́, tí kì í ṣe Yorùbá, gbójú sókè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́yà tí ìjọba yàn fún káfíńtà ń tú ìwé, kò gbọ́. Káfíńtà wojú mi, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, mo délé, mo ń jágbe mọ́ni. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní, "Ẹ lè pariwo tó bá ṣe wù yín, n ò ní bá yín jà. Ṣebí ọwọ́ yín ni màmá mi kú sí."

Mo dá òkèlè padà sínú abọ́. Lóòótọ́ ni, èmi ni mo gbé ìyá náà mọ́ra nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀. Ta ló pè mí ní apànìyàn? Ojú tì mí.

Ní òwúrọ̀, mo sọ fún ọ̀gá àwọn ògbufọ̀. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé a ṣì í sọ, ta ni yóò tún gbà wá gbọ́?" Síbẹ̀, nígbà tí kóòtù jókòó, mo dìde, mo ní, "Olúwa mi, mo ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀." Adájọ́ bú mi dáadáa, ó sì fi gègé fagi lé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdájọ́, ó ní ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, pé ìjọba tó fẹ̀sùn kan ènìyàn ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ṣe é, pé òun kò ní tìtorí òòlù àti ìjà so ènìyàn kọ́. Ó dá a sílẹ̀.

Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ó pa á.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, káfíńtà dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo ní kó dìde, pé díẹ̀ ló kù kí n pa á. Mo bi í pé kí ló dé tó fi mi orí lọ́jọ́ tí mo ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ túmọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, n ò gbọ́ òyìnbó," ó ní. "Mo rò pé ohun tí mo sọ náà lẹ ń bá mi sọ."