Òdòdó Kẹta Lára Òkúta Kápútẹ́nì Rörd

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Keike Nickelsen ṣe lágídí tó, kó lọ béèrè lọ́wọ́ òkúta. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní Süderende ní erékùṣù Föhr nílẹ̀ Jámánì, níbi tí kò ti sí agbolé tí òkun ò mú ẹnì kan lọ nínú wọn. Tí Keike bá di nǹkan mú, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó dì mú lọ́dún náà ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Màmá Kressen ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àìsàn sì ti dá wọn jókòó sójú kan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n sin àwọn sí ẹsẹ̀ òkúta sàréè Kápútẹ́nì Rörd, tó ń tu ọkọ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì lọ sí Bàtáfíà ní Éṣíà láyé ìjọ́sí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ọ̀dọ̀ Ehlen, ọmọbìnrin kápútẹ́nì yìí, ni ìdílé àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n Boh Braren, àgbà ìdílé kápútẹ́nì náà, ló láṣẹ lórí ilẹ̀ sàréè náà, Boh sì fàáké kọ́rí.

"Keike, mo ti wo ìwé ṣọ́ọ̀ṣì," Boh ní, ó jókòó sílé Keike, ó ń ro tíì. "Ọmọ ọdún méjì ni Ehlen nígbà tó kú. Ọmọ ọdún méjì wo ló ń lọ́kọ? Ẹ kàn fẹ́ fi tipátipá bá wa tan ni."

"Ẹ̀gbọ́n, màmá mi kì í purọ́."

"Mi ò pè wọ́n lópùrọ́. Irọ́ ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbà á."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Keike wọra. Boh ò tíì mu tíì tán tí Keike fi gbé korobá omi àti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, ó dorí kọ itẹ́ òkú.

Òdòdó ni wọ́n máa ń gbẹ́ sórí òkúta àwọn atukọ̀ ilẹ̀ yìí. Èyí tó rí bí ife jẹ́ ti bàbá àtàwọn ọmọkùnrin, èyí tó rí bí ìràwọ̀ jẹ́ ti ìyá àtàwọn ọmọbìnrin. Ẹni tó bá ti kú kí wọ́n tó gbẹ́ òkúta náà, wọ́n á gbẹ́ tirẹ̀ bí èyí tó ti kán. Ìràwọ̀ méjì ni gbogbo ayé ń rí lórí òkúta Rörd: ìyá tó dúró ṣánṣán, àti ọmọ kan tó ti kán. Ohun eléérú tó ń hù lára òkúta ti bo etí kan, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tó bò.

Keike ò mọ̀ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé kò sí kápútẹ́nì tó máa náwó sórí òkúta báyẹn kó wá fi etí kan sílẹ̀ lófìfo. Ojoojúmọ́ ló ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí orúnkún fi ń ro ó. Àwọn tó ń kọjá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ fọ òkúta di ọṣẹ. Kò dá wọn lóhùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìràwọ̀ kẹta yọjú, ó kéré, ó dúró ṣánṣán. Keike jókòó sínú koríko tútù, ó sunkún ayọ̀. Ẹ̀yìn náà ló ránṣẹ́ pe Boh.

Boh bẹ̀rẹ̀, ó wo òdòdó náà títí. "Ọmọbìnrin kejì," ó ní. "Ṣùgbọ́n ta ló ní Ehlen lórúkọ tiẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, nílẹ̀ yìí, tí ọmọbìnrin bá kú, kí là ń sọ ọmọbìnrin tó bá tẹ̀ lé e?"

Boh yíjú sí i.

"Nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ wò yẹn náà, Boh Braren kú kó tó pé ọmọ ọdún kan. Mo ti wò ó. Ta wá ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n Boh ni Keike ń wí, èyí tó kú kí wọ́n tó bí Boh alára, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, bí wọ́n ṣe fi orúkọ Ehlen tó kú sọ àbúrò rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà náà ṣí fìlà. Omi ti lé sójú ẹ̀.

"Sọ fún Màmá," ó ní, "pé àyè wọn wà lọ́dọ̀ wa."

Nígbà tí Keike jíṣẹ́ náà, Màmá Kressen di ọwọ́ ọmọ wọn mú. Wọ́n ní, "Sọ fún Boh, àbúrò mi, kó má tíì kánjú gbẹ́lẹ̀. Màá kọ́kọ́ wá mu tíì nílé ẹ̀."