Ẹni Kẹwàá

Kékeré ni mo wà ní Ùsó, mi ò tíì lè ru omi odò láìfi ọwọ́ dì í mú, nígbà tí mo bi bàbá tó ń kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìbéèrè tó kó mi sí wàhálà. Ìtàn Jóṣúà là ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo nawọ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn Júù ṣì wà láyé? Ṣé wọ́n ń jẹ iṣu bíi tiwa?" Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà fi oríkèé ìka kàn mí lórí kó, ó ní, "Inú Bíbélì ni wọ́n wà. Kí lo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú mi. Mo dàgbà, mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò fojú kan Júù kankan. Àfi ìgbà tí ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní erékùṣù kan ní Òkun Karibíánì, bímọ, tó ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ. Ẹ má bi mí bí òkun ibẹ̀ ṣe rí, omi ni. Lọ́jọ́ kan ló sọ fún mi pé sínágọ́gù àtijọ́ kan wà nígboro, táwọn àlejò máa ń lọ wò. Mo ní, "Ti àwọn Júù inú Bíbélì?" Kó tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti wọ bàtà.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ la débẹ̀. Ilé bíríkì ni, àwọn àga igi inú rẹ̀ dúdú, wọ́n ń dán. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu: iyanrìn ni, láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn. Mo rò pé sìmẹ́ńtì ló wọ́n wọn. Bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ibẹ̀, Júù fúnra rẹ̀, ṣàlàyé fún mi pé níbi táwọn baba ńlá wọn ti wá, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà torí inúnibíni, wọ́n a sì da iyanrìn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun nìyẹn. Mo rìn lórí rẹ̀ díẹ̀. Lóòótọ́, kò dún.

Mo wá wò ó lójú, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, láti kékeré ni mo ti ń béèrè: ṣé ẹ ṣì wà?" Ọmọ mi fọwọ́ bojú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "A ṣì wà. Ṣùgbọ́n lónìí, a ku ẹnì kan."

Àyájọ́ ikú ìyá rẹ̀ ni. Àdúrà kan wà tí ọmọ máa ń gbà nítorí òbí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í gbà á bí àgbà Júù ò bá pé mẹ́wàá níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ti kó lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù, tòun ti bàbá náà, jókòó, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú àáró ni wọ́n ti tọ́ mi. Láyé bàbá mi, bí àwọn tó ń bá ara wọn kọ ebè bá ku ẹnì kan, ìyá mi á gbé ọkọ́. Mo bá ní, "Bàbá, èmi nìyí. Ẹ kà mí mọ́ ọn." Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́, ó ní àfi ẹni tó bá jẹ́ tiwọn, àmọ́ kí n jókòó tì wọ́n. Mo jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, torí mo mọ bó ṣe ń dunni kéèyàn fẹ́ ṣe nǹkan fún ìyá ẹni, kó má ṣeé ṣe.

Wọ́n ti fẹ́ pa ìwé dé nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níta. Ìyá arúgbó kan, ọ̀kan lára wọn, ni wọ́n gbé wọlé, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ibà ń ṣe é, súwẹ́tà ló wọ̀ nínú oòrùn yẹn. Wọ́n ti pè é lórí fóònù, ó sì ní kí wọ́n wá gbé òun. Kò lè dìde, kò lè di ìwé mú, bóyá ló tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà. Ó ṣáà jókòó, wọ́n sì pé mẹ́wàá. Bàbá yẹn dìde, ó gba àdúrà ìyá rẹ̀. Èmi tí mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Láyé èwe wa, bí wọ́n bá lu agogo àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ùsó, àga kì í tó. Ilẹ̀ làwa ọmọdé máa ń jókòó sí. Ayé ti yí. Àwọn ọmọ wa ti lọ, tèmi náà lọ. Kí n tó rìnrìn àjò yẹn, orúnkún tó ń dùn mí ni mo máa ń fi ṣe àwáwí tí mi ò fi ń lọ. Mo ní mo lè gbàdúrà nílé, ṣebí Ọlọ́run kan náà ni. Àlùfáà wa, ọmọdé ni, kò lè bá mi jà.

Ní báyìí, ọ̀pá ni mo fi ń tilẹ̀ débẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí oorun á gbé mi lọ lórí àga. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Bí ọmọdé kan bá yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, tó bi wá pé ṣé a ṣì wà, mi ò ní kàn án lórí. Màá ní kó wọlé wá jókòó, a ku ẹnì kan.