Ohùn Tí Ẹ Fi Ọ̀fẹ́ Pín, Oko Tí Mo Kọ̀ Láti Tà: Ìdágbére Fún Tíṣà, Ọkọ Mi

Háà, Bàbá Bùsáyọ̀, ikú dá mi lóró! Ó dìgbà o, ọkọ mi, ó dìgbà tí a ó tún fojú kan ara wa. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ìsìnkú yín, kí n má sì jẹ́ kó gùn jù. Ẹni tí a ti jọ ń gbé fún ohun tó lé ní ogójì ọdún! Ẹ mọ̀ pé n kò mọ irọ́ ìsìnkú pa. Mo ti ka irú ìwé báyìí rẹpẹtẹ, níbi tí gbogbo òkú ti jẹ́ áńgẹ́lì, tí kò sì sí opó kankan tó bá ọkọ rẹ̀ jà rí. Èmi bá yín jà. Òótọ́ ni màá kọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ yín dáadáa, olùkọ́ ìtàn ni yín kí ẹ tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tòótọ́, ọkùnrin tí kì í wọ bàtà tí kò dán. Láti Òdòdè dé Aládé, Tíṣà ni gbogbo Ìdànrè ń pè yín. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ yín fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń sinmi, ẹ̀yin ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ẹ ń wá àwọn àgbàlagbà kiri, àwọn tí wọ́n bí sórí Òkè Ìdànrè kí ìlú tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbí, ẹ ń gba ìtàn wọn àti orin wọn sílẹ̀. Ẹ ń gun àtẹ̀gùn òkè náà láti ya fọ́tò àwọn ògiri tó ń wó. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ara yín, kí ẹ sì dárúkọ ìyá tó bí yín.” Gbogbo rẹ̀ ni ẹ kó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ọmọ Ìdànrè tó wà ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó lè gbọ́ ọ. Ilé ìkàwé ni ẹ ń pè é. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé wo ni kò ní ilẹ̀kùn, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín.

Owó wà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ kan láti òkè òkun fún yín ní kámẹ́rà àti lápútọ́ọ̀pù, wọ́n sì san owó ibi tí àwọn ohùn náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí ọdún wọ̀nyẹn pé, wọ́n kọ lẹ́tà dídùn pé inú àwọn dùn sí iṣẹ́ yín gan-an, kí ẹ wá mú iṣẹ́ tuntun wá. Ẹ ṣàlàyé títí pé èyí tó wà nílẹ̀ ni ó fẹ́ jẹun. Kò wọ̀ wọ́n létí. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba, ẹ kọ̀wé sí àwọn ọmọ ìlú tó rí já jẹ. Wọ́n wá, wọ́n bá yín ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ẹ jókòó sórí àga yín lọ́jọ́ náà, ẹ sì sọ fún mi pé, “Fúnkẹ́, ìkómọ ni wọ́n fẹ́ràn. Owó ilé ìwé ọmọ ni wọn ò fẹ́ gbọ́.”

Bí owó ìfẹ̀yìntì yín ṣe bọ́ sí i nìyẹn. Dísíìkì tí ẹ fi ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀ sínú ilé bà jẹ́ lọ́jọ́ tí iná NEPA wá pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Ẹ ní ẹ ó ra òmíràn tí owó bá yọ, owó kò sì yọ. Gbogbo iṣẹ́ yín wá kù sí ibì kan ṣoṣo.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni bí ẹ ṣe ń fi ọ̀fẹ́ pín ohùn náà. Tí àgbàlagbà kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á wá sí ilé wa pé kí Tíṣà bá àwọn wá ohùn òkú, àwọn fẹ́ lò ó níbi àìsùn. Ẹ ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, tàbí kí ẹ bá wọn gbé e sínú mẹ́mórì káàdì, ẹ ó tún fún wọn ní mínírà mu. Mo pariwo títí. Mo ní, “Wọ́n ra màlúù, wọ́n san owó fún àwọn tó ń gbé pósí jó, ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn!” Ẹ dá mi lóhùn pé, “Mi ò lè ta ohùn ìyá ènìyàn fún un.” Mo pòṣé, mo wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ẹ jẹun tán, ẹ bi mí bóyá a lè ta díẹ̀ nínú oko kòkó tó wà ní Aládé. Oko ìyá mi ni, èmi ni ìyá mi fi í sílẹ̀ fún. Èsì tí mo fún yín kò dára. Mo ní, “Tí ẹ bá ti ná tiyín tán, ṣé tèmi ló kù tí ẹ fẹ́ tà fún íńtánẹ́ẹ̀tì? Oko ìyá mi? Ó tì o!” Ẹ kò bínú. Ẹ ní, “Mo gbọ́.” Ẹ fúnra yín gbé abọ́ yín lọ sí kíṣìnì, ohun tí ẹ kì í ṣe. Ẹ kò sì dárúkọ oko náà mọ́ títí ẹ fi kú.

Ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú àwọn ohùn náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀wé béèrè owó, wọ́n tún kọ, lẹ́yìn náà wọ́n ti ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ wọn. Wọ́n ní tí owó kò bá dé lásìkò, àwọn yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bùsáyọ̀ ọmọ wa kò tètè gbọ́ ní Àkúrẹ́. Nígbà tí owó rẹ̀ fi máa wọlé, wọ́n ti pa á rẹ́. Ní àràárọ̀, ẹ ó ṣí lápútọ́ọ̀pù yẹn, ẹ ó wò ó, ẹ ó pa á dé. Ẹ kò gun òkè mọ́. Bàtà yín kò dán mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa yín, n kò sì bá dókítà jiyàn.

Ọjọ́ kẹta tí ẹ kú, obìnrin kan wá kí mi láti Aládé. Ó sunkún tán, ó wá rọra ní, “Màmá, ẹ má bínú, ohùn bàbá wa tó wà lọ́dọ̀ Tíṣà, ṣé a ṣì lè rí i gbà?” Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ohùn ìyá mi náà wà lára èyí tí wọ́n pa rẹ́. Ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè, níbi tó ti ń sá kòkó, ó ń sọ bí ìyá tirẹ̀ ṣe pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tó kú, ẹ bi mí bóyá kí a lò ó níbi àìsùn. Mo ní rárá, n kò lè gbọ́ ọ. Nítorí náà kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí ẹ wá bá mi nítorí oko, ká ní ẹ sọ gbólóhùn kan péré, “Ohùn ìyá rẹ wà níbẹ̀,” ǹ bá ta gbogbo oko náà. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò sọ ọ́, torí pé ẹ kò fẹ́ fi ìyá mi mú mi. Inú ń bí mi sí yín lórí rẹ̀ títí di òní, mo sì ń fẹ́ràn yín sí i nítorí rẹ̀, n kò sì mọ èyí tí mo lè fi sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín. Ohùn tí Tíṣà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ṣì lè wà lórí fóònù yín, tàbí nínú káàdì tí ẹ jù sínú dúrọ́ọ̀. Bùsáyọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀. Ẹ má fún mi lówó ìkíni, ẹ lọ fún un ní ohùn òkú yín. N kò ta oko náà, ṣùgbọ́n kòkó tó bá so ní apá ibi odò nínú rẹ̀ ni yóò máa sanwó ìtọ́jú àwọn ohùn náà lọ́dọọdún, mo ti sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ. Ká ní mo jókòó tì yín láàárọ̀ yẹn dípò ariwo, àwa méjèèjì ì bá ti rí ọ̀nà yìí.

Wọ́n lè kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn padà. Ti ìyá mi kò lè padà wá. Tí ẹ bá rí i lọ́hùn-ún, Bàbá Bùsáyọ̀, ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó dárúkọ ara rẹ̀, kó dárúkọ ìyá tó bí i, kó tún ìtàn ìsọ̀kalẹ̀ yẹn sọ fún yín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin, nítorí èmi ọmọ rẹ̀ kò rántí bó ṣe parí mọ́.

Ẹ sùn re o, Tíṣà mi.

Aya yín, Olúfúnkẹ́.