Ilẹ̀ Tí A Ó Gbé Ẹ̀rọ Sí

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú lọ́jọ́ náà, àwa obìnrin fúnra wa la ṣe é. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá bá ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa tí a ń yan gàrí ní Ìyìn-Èkìtì. Ó ní ìjọba fẹ́ kí obìnrin máa dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, wọn yóò sì fún wa ní ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ó wá ní ká yan alága. Àfi bí gbogbo wa ṣe kọjú sẹ́nu ọ̀nà, tí a ń wo ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Bàbá yìí ló ni ẹ̀rọ tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rin. Tiwa tí a ti bẹ á máa dúdú nínú agbọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́. Ńṣe ló wá wo ohun tí wọ́n gbé wá fún wa. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ní, "Bàbá ló yẹ." Bàbá náà ti dìde, ó ń tún fìlà ṣe.

N kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó. Àwa obìnrin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀." Ẹni tó bá ti lè lahùn báyẹn, òun náà ni wọn yóò di ẹrù rù. Bí mo ṣe di alága nìyẹn.

Bàbá náà kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká má wulẹ̀ ṣe wàhálà, ilẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun, ká wá gbé ẹ̀rọ wa síbẹ̀. Obìnrin ìjọba ló dá a lóhùn. Ó ní ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò pẹ́ tí ẹni tó nilẹ̀ fi ń pe ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀kan nínú àwa obìnrin ni ẹ̀rọ yóò wà. Òun ń bọ̀ wá wò ó níparí oṣù. Bí kò bá sí ilẹ̀, ìlú mìíràn ló ń lọ.

Ẹni tó ń dáko wà nínú wa, ẹni tó bá ọkọ kọ́lé wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí ilẹ̀ kó ní tòun ni. Èmi alára, Òkè-Ìlá ní Adó ni mò ń gbé, nínú yàrá tí mo háyà lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Àràárọ̀ ni mò ń gun ọ̀kadà wá sí Ìyìn, tí í ṣe ìlú bàbá mi. Bàbá mi fi ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, ló ń bójú tó o. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin ti gba tiwọn. Ẹnì kankan kò bi èmi.

Mo lọ bá Bàbá Àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó wá ní, "Ọmọ mi, obìnrin kì í jogún ilẹ̀ ní ulé yìí. Ilé ọkọ ni tìrẹ."

Mo ní ọkọ ti kú.

Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ kò kú."

Mo dúpẹ́, mo sì tètè jáde, torí bí mo bá dúró, n ó sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí àgbà.

Nígbà tí obìnrin ìjọba gbọ́, ó ní òfin wà, ilé ẹjọ́ sì ti sọ ọ́ pé ọmọ ni ọmọ ń jẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn ènìyàn yìí náà ni yóò sì sin mí. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ìpàdé ẹbí.

Ní ìpàdé ẹbí wa, àwọn ìyàwó ilé ń dáná lẹ́yìn, àwọn ọkùnrin jókòó ní pálọ̀. Wọ́n ń fún àwa ọmọ ilé lóbìnrin ní àga, wọn kì í bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ ni gbogbo ìyàwó ilé yẹn ń pè wá. Ọmọ yòówù tí ìyàwó bá bá nílé, ìbáà jẹ́ obìnrin, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Àgbà dàgbà tó ìyá mi, ṣùgbọ́n ó bá mi nílé ni. "Ọkọ mi kékeré" ló ń pè mí títí dòní, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ.

Lọ́jọ́ náà, n kò jẹ́ kí wọ́n fi àdúrà parí ìpàdé kí n tó dìde. Mo ní, "Bí ẹran bá dé, ẹ ó ní kí wọ́n gbé ti ọkọ ilé fún mi. Bí àwọn ìyàwó bá ń jà, ẹ ó ránṣẹ́ sí mi ní Adó pé kí ọkọ wọn wá parí ìjà. Ilẹ̀ wá dé, mo di obìnrin."

Bàbá Àgbà ní, "Àṣà ni ìyẹn. Eré ni a fi ń ṣe láàárín ara wa."

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ìpọnkọ tó fi ń ro ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú mi lójú gbogbo àwọn ọkùnrin, ó sì kọjú sí ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ tí mo wọ ulé yìí, ẹ fomi fọ ẹsẹ̀ mi, ẹ wá ń fi àwọn ọkọ mi hàn mí. Ọmọ yìí wà níbẹ̀, ikun ń dà nímú rẹ̀. Ẹ ní ọkọ mi ni. Láti ọjọ́ náà, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Bó bá jẹ́ eré ni, ẹ sọ fún mi lónìí kí n dìde. Ṣùgbọ́n ẹ ó dá gbogbo ìkúnlẹ̀ mi padà fún mi."

Àwọn ìyàwó yòókù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ tó ń jóná dé pálọ̀, ẹnì kankan kò lọ wò ó. Bàbá Àgbà mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ilẹ̀ náà." Nígbà tó fi ọ̀pá náà tọ́ka sí tèmi, mo sunkún lójú títì lọ́jọ́ náà, ojú kò sì tì mí.

Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Bàbá onífìlà pàápàá máa ń gbé ẹ̀gẹ́ wá bí ẹ̀rọ tirẹ̀ bá bàjẹ́, ó sì ń dúró kó kàn án.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi gbé ìyàwó wálé. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ìyàwó Bàbá Àgbà wá ń mú un kiri, ó ń fi àwọn ọkọ rẹ̀ hàn án. Nígbà tí wọ́n kàn mí, ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń bọ̀, ẹ̀gẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ mi lápá. Ìyàwó tuntun náà wò mí, ó rọra tẹ orúnkún díẹ̀.

Ìyá náà gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ó ní, "Kúnlẹ̀ dáadáa. Ọkọ tó nílẹ̀ nìyí."